Bí A Ṣe Ń To Orin Ìsìn fún Píánò, àti Bí A Ṣe Ń Fi Àtinúdá Tẹ̀ Ẹ́

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin tó wà nínú ìwé orin ìjọ ni a kọ fún ohùn mẹ́rin: sopráánò, áltò, tẹ́nọ̀ àti báàsì. A kò kọ wọ́n fún píánò. Ẹni tó bá jókòó sídìí píánò tó sì tẹ ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wà nínú ìwé kò ṣe ohun tó burú, ṣùgbọ́n yóò rí i pé orin náà gbẹ, pàápàá níbi tí nóòtì kan bá ti gùn. Ìdí rẹ̀ ni pé òòlù kékeré ni píánò fi ń lu okùn irin tó wà nínú rẹ̀, àti pé láti ìṣẹ́jú àáyá tí òòlù yẹn bá ti kan okùn ni ìró ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ohùn ènìyàn lè dúró lórí nóòtì kan kó sì máa lágbára sí i; ìró ọ́gáànù kì í dínkù níwọ̀n ìgbà tí ìka bá ṣì wà lórí ibi tí a tẹ̀. Píánò kò ní agbára yìí. Nítorí náà, iṣẹ́ ẹni tó ń to orin ìsìn fún píánò ni láti wá ọ̀nà tí ìró kò fi ní tán láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì, láìjẹ́ pé ó da àwọn tó ń kọrin láàmú.

Ohun tí mo gbà gbọ́, tí gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí sì dá lé, ni pé ohùn méjì ló ṣe pàtàkì jù lọ nínú iṣẹ́ yìí: ohùn orin tí ìjọ ń kọ lókè, àti báàsì tó ń rìn nísàlẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá dúró dáadáa, ìwọ̀nba nóòtì díẹ̀ láàárín wọn ti tó. Bí wọn kò bá dúró, kò sí bí kọ́ọ̀dù (nóòtì tí a tẹ̀ pa pọ̀) aláràbarà ṣe lè pọ̀ tó tí yóò tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ atẹdùùrù ló ń bẹ̀rẹ̀ láti àárín, tí wọ́n ń kó kọ́ọ̀dù lé kọ́ọ̀dù, nígbà tí báàsì wọn ń fò káàkiri láìní ibi tó ń lọ.

Ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu kọ ọ́

Kí ẹ tó fọwọ́ kan píánò, ẹ fi ẹnu kọ orin náà tọ̀rọ̀tọ̀rọ̀, láti ẹsẹ àkọ́kọ́ títí dé ti ìkẹyìn. Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí èémí ti ń tán, kí ẹ sì ṣàkíyèsí ibi tí gbólóhùn ti ń parí, nítorí pé àwọn ibi méjì yìí kì í fi gbogbo ìgbà bára mu. Ìlà orin lè parí nígbà tí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kò tíì parí, tí ó jẹ́ pé ìlà tó tẹ̀ lé e ni yóò gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé. Ẹni tó bá tẹ kọ́ọ̀dù ìparí tó wúwo síbẹ̀, tó sì fi àwọn nóòtì kéékèèké kún un, ti gé ọ̀rọ̀ sí méjì lẹ́nu àwọn tó ń kọrin. Nínú ẹsẹ kejì orin kan náà, ó ṣeé ṣe kí gbólóhùn parí níbẹ̀ gan-an, kí ibẹ̀ sì gba àṣekún. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a to ẹsẹ kan ṣoṣo kí a wá máa tún un tẹ̀ fún gbogbo ẹsẹ yòókù.

Àwọn nọ́ńbà tó máa ń wà lókè orin náà wúlò fún èyí. Bí ẹ bá rí 8.6.8.6, sílébù mẹ́jọ ló wà ní ìlà àkọ́kọ́, mẹ́fà ní ìkejì, bẹ́ẹ̀ ni títí dé òpin, 8.8.8.8 ni ti ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní gígùn, 6.6.8.6 sì ni ti èyí tí wọ́n ń pè ní kúkúrú. Nínú orin 8.6.8.6, ìlà olósílébù mẹ́fà ló sábà máa ń fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀, ibẹ̀ sì ni àtinúdá (títẹ ohun tí kò sí nínú ìwé) ti máa ń rí àyè.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀, ẹ fi sol-fa kọ ọ́. Ẹni tó mọ orin ní d, r, m kò ní wàhálà nígbà tí olórí akọrin bá ní kí wọ́n sọ kíì kalẹ̀, nítorí pé ìrìn orin kò yí padà, ibi tí d wà nìkan ló yí.

Báàsì àti kọ́ọ̀dù, lórí ìlà kan ṣoṣo

Ẹ jẹ́ kí a mú orin kan tí ìjọ púpọ̀ mọ̀, èyí tí a ń pè ní Old Hundredth, tó ti wà nínú ìwé Sáàmù tí wọ́n tẹ̀ ní Geneva ní ọdún 1551. Ìlà mẹ́rin ló ní, sílébù mẹ́jọ-mẹ́jọ. Ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní sol-fa nìyí (₁ fi hàn pé nóòtì náà wà nísàlẹ̀ d tó bẹ̀rẹ̀ ìlà):

d d t₁ l₁ s₁ d r m

Gbogbo nóòtì orin ló ní ju kọ́ọ̀dù kan lọ tó lè gbé e. Kọ́ọ̀dù kìíní ni d m s. Ìkejì ni r f l. Ìkẹta ni m s t. Ìkẹrin ni f l d. Ìkarùn-ún ni s t r. Ìkẹfà ni l d m. Nípa bẹ́ẹ̀, bí d bá wà nínú ohùn orin, kìíní lè gbé e, ìkẹrin lè gbé e, ìkẹfà náà sì lè gbé e. Bí ó bá jẹ́ r, ìkarùn-ún tàbí ìkejì ni. Bí ó bá jẹ́ s, kìíní, ìkẹta tàbí ìkarùn-ún ni. Ẹ kọ àwọn tó ṣeé ṣe sábẹ́ nóòtì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì, kí ẹ má tíì yan ọ̀kankan. Yíyàn kò sí lọ́wọ́ adùn kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀, bí kò ṣe lọ́wọ́ ipa ọ̀nà tí báàsì yóò gbà.

Ká ní ẹ yan kìíní, kìíní, ìkarùn-ún, ìkẹfà, ìkẹta, ìkẹrin, ìkarùn-ún, kìíní. Báàsì yóò jẹ́ d, d, s, l, m, f, s, d. Lórí ìwé, ó dára. Ojú ń rí i bí ẹni tó ń gun òkè létòlétò láti m títí dé s. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ ohùn orin àti báàsì nìkan, láìfi nǹkan kan sáàárín, kí ẹ sì fi etí sí nóòtì kẹfà àti ìkeje. Nínú ìkẹfà, báàsì wà lórí f, orin wà lórí d: ìkarùn-ún ni àlàfo wọn (bí a bá kà á, f, s, l, t, d, márùn-ún ni). Nínú ìkeje, báàsì bọ́ sórí s, orin bọ́ sórí r: ìkarùn-ún tún ni, àwọn méjèèjì sì jọ gòkè pa pọ̀. Ibẹ̀ ni ìró ti dédé ṣófo. Nígbà tí ohùn méjì bá jọ ń rìn ní àlàfo ìkarùn-ún tàbí ọ́kítéfù (láti d kan sí d tó tẹ̀ lé e) lọ́nà kan náà, etí kì í gbọ́ wọn bí ohùn méjì mọ́; ọ̀kan ti sọ nù sínú èkejì, orin sì ti pàdánù ọ̀kan nínú àwọn tó gbé e ró.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ fi kọ́ọ̀dù ìkẹfà rọ́pò ìkẹrin lábẹ́ d yẹn. Báàsì wá di d, d, s, l, m, l, s, d. Nísinsìnyí, nígbà tí orin ń gòkè láti d sí r, báàsì ń sọ̀ kalẹ̀ láti l sí s. Bí ẹ bá tẹ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ó gbọ́ bí àárín wọn ṣe ṣí sílẹ̀. Èyí ni ìlànà tó ń yọ atẹdùùrù nínú ọ̀pọ̀ ìṣòro: nígbà tí ohùn orin bá ń gòkè, ẹ jẹ́ kí báàsì sọ̀ kalẹ̀, nígbà tí orin bá ń sọ̀, kí báàsì gòkè, níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Kò ṣeé ṣe níbi gbogbo, kò sì pọn dandan. Rírìn pa pọ̀ ní àlàfo ìkẹta tàbí ìkẹfà dùn gan-an, irú èyí tó wà láàárín nóòtì karùn-ún àti ìkẹfà ìlà wa yìí, níbi tí s₁ lórí m ti di d lórí l.

Ẹ ṣọ́ra fún nóòtì t pẹ̀lú. Nígbà tí t bá wà nínú ohùn orin, ẹ má fi t kan náà sí báàsì, nítorí pé t ń fà lọ sí d, bí méjì bá sì jọ fà, wọn yóò jọ dé d ní ọ́kítéfù. Ní ìparí ìlà tó bá jẹ́ m r d, ẹ lè fi báàsì s gbé m àti r, kí ó tó bọ́ sórí d. Kọ́ọ̀dù kìíní tó jókòó lórí s yìí máa ń jẹ́ kí ìjọ mọ̀ pé òpin ti dé tòsí, kò sì sí ẹni tó nílò kí a ṣàlàyé rẹ̀ fún.

Nígbà tí ohùn méjì òde bá ti dúró, ẹ wá fi ti inú kún un. Ìlànà kan ṣoṣo ti tó fún wọn: nóòtì tó bá wà nínú kọ́ọ̀dù méjì tó tẹ̀ léra, ẹ dì í mú síbi tó wà, èyí tí kò bá sí nínú ìkejì, ẹ gbé e lọ sí ibi tó sún mọ́ ọn jù.

Gbígbé e bọ́ sórí píánò

Ọwọ́ òsì ló ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Nísàlẹ̀ píánò, ìyẹn láti bí ọ́kítéfù kan sí ìsàlẹ̀ C àárín lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, àlàfo ìkẹta máa ń rú bí omi ẹrẹ̀. Ẹ má ṣe tẹ G àti B pa pọ̀ níbẹ̀. Ẹ tẹ G nìkan, tàbí G pẹ̀lú ọ́kítéfù rẹ̀, tàbí G àti D, kí ẹ sì fi B fún ọwọ́ ọ̀tún. Èyí kì í ṣe ọ̀ràn ìfẹ́ inú lásán: nínú ìró okùn kan ṣoṣo, àwọn ìró tín-ín-rín tó wà nínú rẹ̀ jìnnà síra nísàlẹ̀, wọ́n sì ń sún mọ́ra bí a bá ṣe ń lọ sókè, lákọ̀ọ́kọ́ ọ́kítéfù, lẹ́yìn náà ìkarùn-ún, lẹ́yìn náà ìkẹrin, kó tó wá kan ìkẹta. Kọ́ọ̀dù tó bá fẹsẹ̀ fẹ̀ nísàlẹ̀ tó sì pọ̀ mọ́ra lókè wà ní ìbámu pẹ̀lú ìró tí okùn fúnra rẹ̀ ń mú jáde.

Láti má ṣe jẹ́ kí nóòtì tó gùn kú, ọ̀nà mẹ́ta ló wà tí mo gbà pé ó tó fún orin ìsìn púpọ̀. Ẹ lè tún kọ́ọ̀dù tẹ̀ ní lílù tó tẹ̀ lé e, jẹ́jẹ́, láìtún ohùn orin fúnra rẹ̀ tẹ̀. Ẹ lè tú kọ́ọ̀dù ká ní ọwọ́ òsì, d, s, d òkè, kí wọ́n máa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Tàbí kí ẹ mú ohùn inú kan rìn: nígbà tí ìjọ bá dúró lórí m tó parí ìlà tí a ti yẹ̀ wò yẹn, kí tẹ́nọ̀ lọ láti s sí l kó tún padà sí s. Nóòtì mẹ́ta péré nìyẹn, ṣùgbọ́n orin kò dúró.

Ní ti pẹ́dà, bí kọ́ọ̀dù bá ti yí ni kí ẹsẹ̀ yí. Ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè ní àkókò gan-an tí ìka bá kan kọ́ọ̀dù tuntun, kí ẹ sì tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ìka tó kúrò. Bí ilé ìjọsìn bá tóbi tí ìró sì ń padà bọ̀ láti ara ògiri, ẹ dín pẹ́dà kù. Bí onígìtá báàsì bá wà pẹ̀lú yín, ẹ fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún un, kí ọwọ́ òsì bọ́ sí agbègbè tẹ́nọ̀.

Yíyí kọ́ọ̀dù padà láti ẹsẹ dé ẹsẹ

Ibí yìí ni ìdùnnú iṣẹ́ náà wà, ibí yìí náà sì ni ewu rẹ̀ wà. Ẹ béèrè ìbéèrè kan kí ẹ tó yí ohunkóhun padà: ta ló ń kọ ohùn mẹ́rin? Bí ẹgbẹ́ akọrin bá ń kọ áltò, tẹ́nọ̀ àti báàsì látinú ìwé, kọ́ọ̀dù inú ìwé ni kí ẹ tẹ̀. Kò sí ọ̀nà tí kọ́ọ̀dù tuntun yóò fi bá áltò tí ẹlòmíràn ti há sórí mu. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ènìyàn bá jọ ń kọ ohùn kan ṣoṣo, bí ó ti máa ń rí ní ẹsẹ ìkẹyìn tí a bá ti bá wọn ṣe àdéhùn tẹ́lẹ̀, tàbí bí ẹnì kan bá ń dá kọ ọ́, àyè ṣí sílẹ̀ fún yín.

Àwọn ìyípadà tó ń mú èso jáde jù ni àwọn tó rọrùn. Kọ́ọ̀dù ìkẹfà lè rọ́pò kìíní, pàápàá nígbà tí ohùn orin bá dúró lórí d tàbí m, ó sì máa ń sọ ìdùnnú di àṣàrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìkejì lè rọ́pò ìkẹrin lábẹ́ f tàbí l. Ní ìparí ìlà tí ìjọ ń retí ìkarùn-ún lọ sí kìíní, ẹ lè lọ láti ìkarùn-ún sí ìkẹfà. Orin yóò dà bí ẹni pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i, nítorí náà ẹ fi í sí ibi tí ọ̀rọ̀ kò tíì parí, irú ibi tí mo mẹ́nu kàn lókè. Bí ìlà bá fẹ́ jókòó sórí kọ́ọ̀dù ìkarùn-ún, ẹ fi kọ́ọ̀dù ìkejì tí a gbé f rẹ̀ sókè ní ìdajì ìgbésẹ̀ (àlàfo tó kéré jù lórí píánò) ṣáájú rẹ̀: nínú kíì G, A7 (A, C ṣáàpù, E àti G) ni yóò lọ sí D. Ẹ rí i dájú pé ohùn orin kò ní f lásán ní àkókò kan náà. Èyí tó kàn ni kọ́ọ̀dù ìkẹrin tí a rẹ l inú rẹ̀ sílẹ̀ ní ìdajì ìgbésẹ̀, kó tó padà sí kìíní, èyí tó bá ọ̀rọ̀ ìrònúpìwàdà àti ti ìsinmi mu gan-an. Ẹ lò ó lẹ́ẹ̀kan nínú orin kan. Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀mẹta, kò ní nǹkan kan láti sọ mọ́.

Mo fẹ́ kí àyípadà má ju ibi méjì tàbí mẹ́ta lọ nínú ẹsẹ kan, kó sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ló pè é. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó wúwo jù nínú ẹsẹ náà, kí ẹ fi kọ́ọ̀dù tuntun síbẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ìyókù wà bí ìjọ ti mọ̀ ọ́n. Ní oṣù Kejì ọdún 1706, àwọn aláṣẹ ìjọ ní ìlú Arnstadt, ní Jámánì, pe Johann Sebastian Bach, tó ń tẹ ọ́gáànù fún wọn, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 21 nígbà náà, wọ́n sì bá a wí pé ó ń da oríṣiríṣi ìyípadà àjèjì àti nóòtì tí kò bá orin tan mọ́ orin ìjọ, débi pé ọkàn àwọn tó ń kọrin dàrú. Ẹ̀bùn Bach kò kéré, ìmọ̀ rẹ̀ kò sì kéré; síbẹ̀, ìjọ kò rí ọ̀nà orin tẹ̀ lé. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lè mú kí ìjọ ṣìnà, ó yẹ kí àwa náà fi etí sílẹ̀ dáadáa. Bí ohùn ìjọ bá rẹlẹ̀ lójijì láàárín ìlà kan, kọ́ọ̀dù yín ló ṣeé ṣe kó fà á. Ẹ padà sí ti inú ìwé ní ìlà tó tẹ̀ lé e, kí ẹ sì fi ohùn orin hàn kedere ní ọwọ́ ọ̀tún.

Ìṣíde orin, àti kíì

Ìṣíde orin kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí atẹdùùrù ti ń fi ara rẹ̀ hàn. Ohun mẹ́ta ló wà láti sọ fún ìjọ níbẹ̀: orin wo ni a fẹ́ kọ, kíì wo ni a fẹ́ kọ ọ́ sí, báwo ni yóò ṣe yára tó. Ìlà àkọ́kọ́ pẹ̀lú ìlà ìkẹyìn ti tó láti sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ìlà àkọ́kọ́ kò bá parí sí ibi tí ìkẹyìn lè gbà wọlé, ẹ tẹ ìlà ìkẹyìn nìkan. Ẹ má fa ìparí ìṣíde gùn títí tí ìyára yóò fi sọnù, nítorí pé ibi tí ẹ bá fà á dé ni ìjọ yóò ti bẹ̀rẹ̀ orin. Lẹ́yìn kọ́ọ̀dù ìparí, ẹ fi àyè èémí kan sílẹ̀, kó jẹ́ ìwọ̀n kan náà ṣáájú gbogbo ẹsẹ, kí ìjọ lè mọ ìgbà tí wọn yóò wọlé láìjẹ́ pé ẹnì kan na ọwọ́ sókè.

Ní ti kíì, ohùn ìjọ tó jọ ń kọ ohùn kan ṣoṣo máa ń rọrùn láàárín C àárín àti D tó wà ní ọ́kítéfù òkè rẹ̀. Bí orin bá kọjá E òkè, ọ̀pọ̀ ọkùnrin yóò dákẹ́ tàbí kí wọ́n bọ́ sí ìsàlẹ̀. Ẹ wá nóòtì tó ga jù nínú orin náà, kí ẹ sì fi ìyẹn yan kíì.

Àwọn kan fẹ́ràn láti gbé kíì sókè ní ẹsẹ ìkẹyìn. Ó dára bí a bá mú ìjọ dání lọ. Láti G sí A fúláàtì, kọ́ọ̀dù tó ń ṣílẹ̀kùn ni E fúláàtì 7, tí nóòtì rẹ̀ jẹ́ E fúláàtì, G, B fúláàtì àti D fúláàtì. G tó jẹ́ d ní kíì àtijọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ dì í mú lókè nígbà tí àwọn yòókù ń yí, yóò sì di t ní kíì tuntun, tí yóò fúnra rẹ̀ gòkè lọ sórí A fúláàtì. Láti G sí A, E7 ni: E, G ṣáàpù, B àti D. Nínú èyí, B àti D ni ẹ ó dì mú. Ẹ má kánjú. Ẹ fún kọ́ọ̀dù yìí ní báà méjì (báà ni ìdì lílù tí ìlà òró ń pààlà sí nínú ìwé orin) ó kéré tán, nítorí pé ìjọ nílò láti gbọ́ ọ kí wọ́n tó gbà á gbọ́.

Àtinúdá

Àwọn kan rò pé àtinúdá túmọ̀ sí kí ọwọ́ máa lọ bí ẹ̀mí bá ṣe darí rẹ̀, láìsí ìmúra. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é dáadáa ti mọ orin náà débi pé wọ́n lè tú u ká kí wọ́n sì tún un tò, wọ́n sì mọ báàsì rẹ̀ ní kíì púpọ̀. Ẹ fi ohùn orin àti báàsì ìlà kan ṣoṣo dánra wò ní kíì G, kí ẹ gbé e lọ sí F, sí D, sí C, sí B fúláàtì, títí tí ọwọ́ kò fi ní máa ṣírò mọ́. Ìgbà yẹn ni ọpọlọ yóò ráyè ronú nípa nǹkan mìíràn.

Nígbà tí ọrẹ bá ń lọ lọ́wọ́ tàbí tí àdúrà jẹ́jẹ́ bá ń lọ, ẹ mú ègé kékeré kan látinú orin tí ìjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ tàbí tí wọ́n máa kọ. Nínú ìlà wa, ẹ mú d t₁ l₁ s₁, nóòtì mẹ́rin tó ń sọ̀ kalẹ̀ létòlétò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ó ti wà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ láti m: m r d t₁. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti s: s f m r. Ẹ jẹ́ kí ó lọ́ra ní ìlọ́po méjì, kí nóòtì kọ̀ọ̀kan gba lílù méjì. Ẹ yí i padà kó máa gòkè: s₁ l₁ t₁ d. Ẹ gbé e fún ọwọ́ òsì ní agbègbè tẹ́nọ̀, kí ọwọ́ ọ̀tún máa fi kọ́ọ̀dù rírọ̀ bò ó lókè. Ẹ di d mú ní báàsì láìyí i padà, kí kọ́ọ̀dù kìíní, ìkẹrin àti ìkarùn-ún máa kọjá lórí rẹ̀. Láti ara nóòtì mẹ́rin péré, ẹ ti rí ohun tó tó ìṣẹ́jú púpọ̀, ẹni tó bá sì ń gbọ́ yóò mọ̀, bí kò tilẹ̀ lè sọ ìdí rẹ̀, pé orin ìjọ náà ló ń gbọ́.

Láti ṣe ohùn orin fúnra rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, ẹ wá ibi tí ó ti fò. Láti s₁ sí d nínú ìlà wa, àlàfo wà. Ìka lè gba l₁ àti t₁ kọjá. Níbi tí nóòtì kan bá ti tún ara rẹ̀ sọ, bíi d d tó bẹ̀rẹ̀ ìlà, ẹ lè lọ sí r láàárín wọn kí ẹ sì padà. Ẹ jẹ́ kí nóòtì orin gan-an máa bọ́ sórí lílù, kí nóòtì ọ̀ṣọ́ máa bọ́ sáàárín lílù. Gbogbo èyí wà fún ìgbà tí ìjọ kò bá kọrin. Nígbà tí wọ́n bá ń kọ ọ́, ohùn orin gbọ́dọ̀ mọ́ gaara, ìparí ìlà nìkan sì ni àyè yín. Bí ẹnì kan bá ń dá kọ ọ́, ẹ tilẹ̀ fi ohùn orin sílẹ̀ fún un pátápátá, kí ẹ dúró nísàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú báàsì àti ohùn inú, nítorí pé bí ẹ bá ń tẹ ohun tó ń kọ, ẹ ti dí i lọ́wọ́ láti fa ọ̀rọ̀ gùn tàbí gé e kúrú.

Bí àkókò bá gùn, ẹ nílò ètò. Ẹ tẹ orin náà jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ bọ́ sí kíì máínọ̀ tó bá a tan, èyí tí l jẹ́ ilé rẹ̀. Fún G, E máínọ̀ ni, B7 ni yóò sì mú yín wọ ibẹ̀. Ẹ lo ègé nóòtì mẹ́rin yẹn níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ wá padà sí orin ní G, bóyá ní òkè píánò tàbí pẹ̀lú kọ́ọ̀dù tó kún ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ohun tó ń kó atẹdùùrù láyà sókè jù ni bí yóò ṣe dúró nígbà tí olùdarí ìsìn bá dìde lójijì. Nínú àkọsílẹ̀ Arnstadt yẹn kan náà, wọ́n sọ pé nígbà tí wọ́n kìlọ̀ fún Bach pé ó ń tẹ ọ́gáànù pẹ́ jù, ó sọ ọ́ di kúkúrú jù. Ẹ má gé orin lójijì, ẹ má sì dúró de òpin ìlà tó ṣì jìnnà. Láti ibikíbi tí ẹ bá wà, ẹ wá kọ́ọ̀dù ìkẹfà, kí ẹ lọ sí ìkejì, sí ìkarùn-ún, sí kìíní, pẹ̀lú báàsì l, r, s, d. Ní G, E máínọ̀, A máínọ̀, D7 àti G ni. Báà méjì ti tó, ó sì ń ṣiṣẹ́ kódà bí ẹ bá wà nínú apá máínọ̀, nítorí pé ilé máínọ̀ yẹn gan-an ni kọ́ọ̀dù ìkẹfà. Bí ó bá jẹ́ orin mìíràn ni ìjọ fẹ́ kọ tẹ̀ lé e, ẹ má parí sórí kìíní ti èyí tó ń lọ. Ẹ jẹ́ kí kọ́ọ̀dù ìkẹyìn jẹ́ ìkarùn-ún ti kíì orin tuntun náà, kí olórí orin lè mú d rẹ̀ níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ tún tẹ ìṣíde mìíràn.